Ajá tó ń họra: ṣé kí a gba abẹ́rẹ́ àti kíríìmù sítẹ́rọ́ìdì fún un?

Ìyá Jack (Adéwọlé, Ìlọrin)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ Jack ni mo gbé wá o, ẹ bá mi dá sí i. Alsatian ni, akọ, òun ló ń ṣọ́ ilé fún wa. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti ń rọ̀ ni ara ti ń yún un. Ìdí ìrù ló kọ́kọ́ ń bù jẹ, irun ibẹ̀ ti re tán, awọ ti hàn síta. Ó ti dé abẹ́ itan àti ikùn báyìí. Apá ibì kan pọ́n, apá ibì kan ti dúdú, ó sì nípọn, ó tún ní òórùn kan tí ìwẹ̀ kì í mú lọ. Lóru, ìró èékánná rẹ̀ lára ilẹ̀kùn irin ló ń jí àwọn ọmọ.

Aládùúgbò wa kan gbé kíríìmù kan fún mi, àwọn tí wọ́n ń pè ní triple action yẹn, ó ní òun náà ni òun fi ń ra ajá òun lára. Ẹni tó ń ta oògùn ní ìkóríta wa sì ní kí n mú Jack wá kí òun gún un ní dexa (dexamethasone), pé abẹ́rẹ́ kan péré ni gbogbo ẹ̀ fi máa lọ. N ò tíì ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Wọ́n ní sítẹ́rọ́ìdì ló wà nínú méjèèjì, ohun tí mo sì ń gbọ́ nípa rẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn kan ní kò sí oògùn tó dà bíi rẹ̀, àwọn kan ní ó ń ba inú ajá jẹ́. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ fún awọ ajá ní tòótọ́? Bó bá ń ṣiṣẹ́, kí ló ń gbà lọ́wọ́ ajá náà?

Alájàmẹ́ta (Òró)

Ìyá Jack, ẹ kú ìtọ́jú. Ó ń ṣiṣẹ́, èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Rottweiler mi kan ní egbò tó ń rin lábẹ́ etí, irú èyí tó máa ń kéré láàárọ̀ tó sì máa ń fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí pé ajá náà kò ní yéé họ ọ́. Dókítà ẹran fá irun ibẹ̀ mọ́, ó fi omi oògùn nù ún, ó sì kọ prednisolone, sítẹ́rọ́ìdì oníhóró, ti ọjọ́ díẹ̀ fún un. Kò pẹ́ rárá tó fi sùn àsùnwọra.

Ṣùgbọ́n ẹ múra sí ọ̀rọ̀ omi. Abọ́ omi tí kì í mu tán lóòjọ́, ó ń mu ún gbẹ kó tó di ọ̀sán, ó sì ń tọ̀ káàkiri àgbàlá. Oúnjẹ náà ń wù ú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń jí búrẹ́dì ọmọ gbé lórí tábìlì, ohun tí kò ṣe rí. Dókítà ti sọ ọ́ fún mi ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, pé kí n má ṣe fi omi dù ú, kí n kàn máa ṣí ilẹ̀kùn fún un léraléra. Nígbà tí oògùn parí, gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà.

Apòògùn (Ọ̀ffà)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú kíríìmù yẹn, torí pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ wa, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ pé oògùn mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀. Ọ̀kan wà fún làpálàpá àti irú rẹ̀, clotrimazole ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀kan wà fún kòkòrò tó ń fa ọyún, neomycin tàbí gentamicin. Ẹ̀kẹta ni sítẹ́rọ́ìdì, betamethasone tàbí clobetasol. Ẹ̀kẹta yìí lẹ máa ń rí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Òun ló ń mú kí pupa awọ ṣá, kí yíyún rọlẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á rò pé àrùn ti lọ, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó fa àrùn náà ṣì wà níjòókòó.

Agbára wọn kò dọ́gba. Hydrocortisone, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ló rọ̀ jù. Betamethasone le jù ú lọ dáadáa. Clobetasol ló wà lókè pátápátá, òun náà sì ni àwọn kan ń pò mọ́ ìpara tí wọ́n fi ń bóra. Kò sí ẹni tí kò mọ bí awọ ẹni tó ti ń bóra tipẹ́ ṣe ń rí: ó ń fẹ́lẹ́, iṣan ń hàn, egbò kì í tètè jiná, bí wọ́n bá sì fẹ́ rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn, òwú a máa já awọ. Ohun kan náà ló ń ṣe fún awọ ajá. Ikùn àti abẹ́ itan ni Jack ti ń họra, ibẹ̀ sì ni awọ ajá ti fẹ́lẹ́ jù, tí oògùn ti ń yára wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé ajá ń lá ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ bá fi ra á lára lè gba ẹnu wọ inú. Nítorí náà, kíríìmù awọ lè di oògùn jíjẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọn iye rẹ̀.

N kò sọ pé oògùn burúkú ni o. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi cortisone tọ́jú aláìsàn tí oríkèé ń ro ní Amẹ́ríkà, ọdún 1950 ni àwọn mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel. Ènìyàn tí ìrora ti dè mọ́ ibùsùn dìde rìn. Oògùn tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí a máa gbà ní ìkóríta láìsí àyẹ̀wò.

Dókítà Ẹran (Ìlọrin)

Ẹ kú ìjókòó. Apòògùn ti bá mi sọ ìdajì ọ̀rọ̀ mi, ẹ ṣeun sà.

Ìyá Jack, nínú ara Jack fúnra rẹ̀, ẹṣẹ́ (gland) kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín tó ń pèsè irú sítẹ́rọ́ìdì yìí lójoojúmọ́. Ohun tí a ń fún un láti ìta, àfikún ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun ara pé kí wọ́n sinmi ìjà. Bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun yìí ń jà lórí ohun tí kò tó ìjà, bíi ti ajá tí itọ́ iná (flea, kòkòrò kékeré tó ń fò lára ajá) kò bá lára mu, a ti ṣe ajá náà lóore. Bó bá jẹ́ pé ọ̀tá gidi ló wà nínú awọ, a ti dè wọ́n lọ́wọ́, ọ̀tá á sì máa bímọ. Gbogbo ìbéèrè nípa sítẹ́rọ́ìdì wà níbẹ̀: kí ló wà nínú awọ ajá yìí?

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ àwọn ọ̀tá náà. Demodex, kòkòrò tíntìntín kan, inú ihò irun ló ń gbé. Ajá tó lálàáfíà ní i níwọ̀nba, kì í ṣe é ní nǹkan kan. Fún ajá náà ní sítẹ́rọ́ìdì léraléra, irun ojú á máa re, ti ẹsẹ̀ iwájú á tẹ̀lé e, awọ á ṣe èépá, ọyún á dé. Mo ti rí ọmọ ajá tí ibì kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ ń re irun, tí wọ́n gún ní dexa níbòmíràn, tí gbogbo ara rẹ̀ sì di egbò kó tó padà dé ọ̀dọ̀ mi. Èyí ló ń mú mi sọ̀rọ̀ gidi lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kúrúnà ajá ni ìkejì, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Sarcoptes ló ń fà á. Eteetí, ìgúnpá àti ikùn ló fẹ́ràn, ó sì lè mú kí ara ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e máa yún yín náà. Ẹ fi ìka méjì ra eteetí ajá náà mọ́ra wọn. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́, ẹ fura. Ìkẹta ni làpálàpá. Ìkẹrin ni Malassezia, irú íìsì kan (kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì), tó máa ń pọ̀ lápọ̀jù lára ajá tí awọ rẹ̀ ti dàrú. Òórùn yẹn àti awọ dúdú tó nípọn tí ẹ sọ ń mú mi fura sí i. Àmọ́ ìkẹrin yìí kì í sábà dá wá. Nǹkan mìíràn ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìdí ìrù tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ló mú mi ronú kan iná. Ẹ wá ìyarun tí ehín rẹ̀ ki, ẹ fi ya ẹ̀yìn àti ìdí ìrù rẹ̀, kí ẹ gbọn ohun tó bá jáde sórí tíṣù funfun tí ẹ ti fi omi rin. Bí ẹyọ dúdú wínníwínní bá bọ́ síbẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún un wò. Bí pupa bá ń ràn yí i ká, ẹ̀jẹ̀ Jack ni, tí iná mu tó sì yà sílẹ̀. Ìdọ̀tí lásán kì í ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ lè má rí iná kan ṣoṣo o, torí pé ajá tí ara rẹ̀ kò gba itọ́ wọn máa ń lá wọn jẹ, ìjẹ díẹ̀ sì ti tó láti mú kó họra fún ọjọ́ púpọ̀.

Kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́ kankan, ẹ mú un lọ sí ibi tí wọ́n á ti fá awọ rẹ̀ wò. Abẹ tí kò mú la fi ń fá a jẹ́jẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi fẹ́ yọ, a ó gbé ohun tí a fá sábẹ́ maikirosikóòpù, a ó sì lẹ sẹ̀lótéèpù mọ́ ibi tó ń rùn láti wá íìsì. Kì í pẹ́. Ẹ má fi kíríìmù sí i ṣáájú, ó máa ń bo àmì mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ (Ọ̀mù-Àrán)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Nílé tiwa, ajá ọdẹ kì í mọ kíríìmù. Bàbá wa a máa lọ imí-ọjọ́ kúnná, wọn a pò ó mọ́ àdín tàbí òrí, wọn a fi ra ajá lára, wọn a so ó mọ́lẹ̀ nínú òòrùn àárọ̀ kó má baà lá a, lẹ́yìn náà ni wọn a wẹ̀ fún un. Tanímọ̀la, ajá tó dàgbà jù nínú wọn, ya kúrúnà lẹ́ẹ̀kan, ó sì jiná. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ ìsinsìnyí, ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni wọ́n fi ń pa ajá lára. Dókítà, èwo lẹ fọwọ́ sí? Ṣé imí-ọjọ́ lè dípò sítẹ́rọ́ìdì?

Dókítà Ẹran (Ìlọrin)

Ẹ bá mi kí Bàbá. Imí-ọjọ́ ń pa kòkòrò kúrúnà ní tòótọ́, àwọn dókítà awọ ṣì ń lo oògùn tí wọ́n fi í ṣe títí dòní, fún ènìyàn àti fún ẹran. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú, kí ẹ sì ṣe bí Bàbá ti ń ṣe, kó má lá a. Kò dípò sítẹ́rọ́ìdì torí pé iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Sítẹ́rọ́ìdì ń pa yíyún, imí-ọjọ́ ń pa ohun tó ń fa yíyún. Fún kúrúnà, ti imí-ọjọ́ ló yẹ.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, májèlé ni. Ó ń jó awọ, ajá ń lá a, ó ń dé ẹ̀dọ̀. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún wọn, kẹrosíìnì pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ ivermectin (oògùn kòkòrò) ti màlúù tí àwọn kan ń rà fún ajá. Mílígíráàmù mẹ́wàá ló wà nínú mílílítà kan rẹ̀, fún ẹran tó wúwo. Àṣìṣe kékeré nínú sìríǹjì ti pọ̀ jù fún ajá. Àwọn ajá kan sì wà, Collie ló gbajúmọ̀ jù, Alsatian kan náà wà nínú wọn, tí oògùn yìí ń wọ ọpọlọ wọn nítorí ohun tí wọ́n jogún. Ajá á máa ta gọ́gọ́, ojú rẹ̀ á fọ́, ó lè dákú. Nígbà tí dókítà bá wọn ajá, tó sì mọ irú rẹ̀, oògùn tó dára ni.

Alhaja (Ọjà-Ọba)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ làpálàpá tí dókítà fò kọjá yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé. Nínú agbo ilé tó kangun sí tiwa, wọ́n ra ọmọ ajá funfun kan. Òbìrí-bìrí kan yọ sí imú rẹ̀. Kò pẹ́, òbìrí yọ sí ọrùn ọmọbìnrin ilé náà, ibi tó máa ń gbé ọmọ ajá náà lé. Triple action ni wọ́n fi ra àwọn méjèèjì lára. Etí òbìrí náà pòórá, gbogbo wa rò pé ó ti san. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ káàkiri, kò sì ní ìrísí òbìrí mọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ wò ó pè é ní nǹkan mìíràn. Dókítà awọ ló sọ pé làpálàpá ni, pé sítẹ́rọ́ìdì ló yí i lójú padà. Ọmọ náà jẹ oògùn gan-an kó tó kúrò.

Ẹ̀yin ìyá, ibi tí ajá bá ti ń re irun ní òbìrí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yàgò fún un ná, kí wọ́n fọwọ́. Ajá tiwa kì í wọlé nítorí àlùwàlá àti ìrun, síbẹ̀ àwọn ọmọ ń bá a ṣeré níta.

Àgbẹ̀ (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Dókítà, ìbéèrè mi rèé. Ajá mi ń lo prednisolone tí wọ́n kọ fún un nítorí yíyún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ rọ́, ó ń tiro. Mo ní oògùn ìrora, piroxicam àti diclofenac, nílé. Ṣé mo lè fún un ní ọ̀kan? Èkejì: ara rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí, ṣé kí n dá prednisolone náà dúró kí n tọ́jú èyí tó kù?

Dókítà Ẹran (Ìlọrin)

Rárá o, ẹ jọ̀wọ́. Piroxicam, diclofenac, ibuprofen, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ bá sítẹ́rọ́ìdì pàdé nínú ajá. Àwọn méjèèjì jọ ń bó ohun tó ń dáàbò bo ara inú ni. Ọgbẹ́ inú ló ń fà, ó sì lè dá ìfun lu. Ẹ máa wo ìgbẹ́ rẹ̀: bó bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tó bá bì tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la. Ibuprofen àti diclofenac, ẹ má tilẹ̀ fún ajá rárá, bó ń lo sítẹ́rọ́ìdì tàbí kò lò ó. Ẹ mú un wá kí a wo ẹsẹ̀ náà. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ kó sinmi títí dìgbà náà.

Ti ìkejì, ẹ má dá a dúró lójijì bó bá ti lò ó pẹ́ díẹ̀. Mo ti sọ pé ẹṣẹ́ ara rẹ̀ ń pèsè tirẹ̀. Nígbà tí ti ìta bá ń wọlé, ẹṣẹ́ yẹn á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, á sì rẹ̀. Gé ti ìta lójijì, ajá kò ní ti ìta, kò ní ti inú. Á rẹ̀ ẹ́, á máa bì, ó lè ṣubú lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, tí a óò wá fò ó ní ọjọ́ kan, fún un ní ọjọ́ kejì, kí ẹṣẹ́ náà lè jí padà.

Kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ lè retí lọ́wọ́ dókítà tó bá kọ ọ́ fún yín: fún yíyún, ohun tó wọ́pọ̀ ni ìdajì mílígíráàmù sí mílígíráàmù kan prednisolone fún kílò kan ara ajá, lóòjọ́, fún àkókò kúkúrú. Ajá ogún kílò á wà láàárín mílígíráàmù 10 sí 20. Oògùn oníhóró mílígíráàmù márùn-ún ló wọ́pọ̀ lórí àtẹ. Bí ẹnì kan bá sì kọ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀, ẹ bi í léèrè ìdí. Àárọ̀ ni kí ẹ fún un, lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń lòdì sí abẹ́rẹ́ tó ń pẹ́ lára. Hóró tí mo bá fún Jack lónìí, bó bá fa wàhálà, mo lè dín in lọ́la. Àwọn abẹ́rẹ́ kan, methylprednisolone tó ń pẹ́ lára bí àpẹẹrẹ, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló ń lò lára. Bó bá ti wọlé, kò sí bí a ó ṣe fà á jáde. Dexamethasone kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lágbára tó ìlọ́po méje prednisolone, ẹni tí kò wọn ajá sì lè fa èyí tó pọ̀ jù láìmọ̀.

Abo tó lóyún kò gbọ́dọ̀ gbà á, ó lè ba oyún jẹ́. Ajá tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ fún dókítà, torí pé ó ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Ọmọ ajá tó ń dàgbà, ó lè dí ìdàgbàsókè rẹ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá lò ó fún oṣù púpọ̀, ẹ máa rí i pé ikùn ń rọ̀ sílẹ̀, ẹran ara itan ń gbẹ, irun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń re láìsí yíyún, ajá ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú ibòòji. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ń ṣàìsàn oògùn ni, kò ṣàìsàn awọ mọ́. Kòkòrò a sì máa wọ ilé ìtọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi hàn, torí pé oògùn ti pa ìrora.

Apòògùn (Ọ̀ffà)

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un nítorí wọ́n ń wá rà á lọ́dọ̀ wa: oògùn tí wọ́n ń kán sójú tó ní dexamethasone nínú. Bí ojú ajá bá pọ́n, tó ń di ojú pa, ẹ má fi èyí kán an sí i. Bí ẹ̀gún tàbí èékánná ológbò bá ti ya ojú náà, sítẹ́rọ́ìdì kò ní jẹ́ kó jiná, ojú náà lè fọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ fi omi àwọ̀ tó ń fi ọgbẹ́ ojú hàn wò ó.

Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lo kíríìmù fún ibi kékeré kan, tinrin ni kí ẹ fi ra á, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì bá a ṣeré tàbí fún un lóúnjẹ títí kíríìmù á fi wọra.

Ìyá Jack (Adéwọlé, Ìlọrin)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bá wa dá ohun ọ̀sìn wa sí. Mo dá kíríìmù padà fún aládùúgbò wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ṣe ti tíṣù yẹn ní àgbàlá, ọmọ mi àgbà ló di orí Jack mú. Ẹyọ dúdú bọ́ sílẹ̀, a dúró, pupa ràn. Àwọn ọmọ pariwo.

Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìlọrin ni mo gbé e lọ. Wọ́n wọ̀n ọ́n ná, kílò 31. Wọ́n fá awọ rẹ̀ ní ibi mẹ́ta, wọ́n lẹ sẹ̀lótéèpù mọ́ ikùn rẹ̀. Wọn kò rí Demodex, wọn kò rí kúrúnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà sọ pé ti kúrúnà lè fara pamọ́ fún abẹ. Íìsì pọ̀ nínú èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn. Ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe é ni pé itọ́ iná kò bá a lára mu, íìsì wá gba ẹ̀yìn wọlé.

Prednisolone náà ni wọ́n kọ o, ọjọ́ díẹ̀, pẹ̀lú bí a ó ṣe máa dín in kù. Ṣùgbọ́n oògùn iná ni wọ́n fi ṣáájú, èyí tí ajá ń jẹ lẹ́nu, àti ọṣẹ chlorhexidine tó ní miconazole, èyí tó ń pa íìsì. Wọ́n ní kí ọṣẹ náà wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko kí n tó ṣàn án. Ibi tí ó ti le fún mi ni pé ó ń lá ìdí ìrù rẹ̀ nígbà ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Kí ni kí n ṣe?

Alájàmẹ́ta (Òró)

Ẹ wá ike ọ̀dà lítà mẹ́rin tó ti ṣófo, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ti Alsatian, ẹ lè nílò èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gé ìdí rẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n orí Jack, kí ó lè wọlé ṣùgbọ́n kó má baà bọ́. Ẹ fi aṣọ àtijọ́ àti téèpù di etí tí ẹ gé kó má gé e lọ́rùn, ẹ lu ihò mẹ́rin, ẹ fi okùn so ó mọ́ ìgbànú ọrùn rẹ̀. Ẹnu ike náà gbọ́dọ̀ kọjá imú rẹ̀ díẹ̀. Á kọ́kọ́ máa kọlu ògiri, ẹ fi sùúrù bá a.

Ìbéèrè mi sí dókítà: ajá mẹ́ta ni mo ní, ọ̀kan ṣoṣo ló ń họra. Ṣé kí n fún gbogbo wọn ní oògùn iná? Àti pé ìyàwó mi ní ológbò.

Dókítà Ẹran (Ìlọrin)

Gbogbo wọn. Èyí tí kò họra ń gbé iná fún èyí tó ń họra. Lára ajá ni àgbà iná ń gbé, ẹyin wọn a máa bọ́ sílẹ̀ níbi tó bá ń sùn, àwọn tó wà nínú ìdì wọn sì lè dúró ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó jáde. Nítorí náà, ẹ gbá ibẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ sá àpò tàbí aṣọ tó ń sùn lé sínú òòrùn gangan, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú pẹ̀lú oògùn iná fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ìyá Jack, bí ẹ bá ṣe èyí, ó ṣeé ṣe kí òjò ọdún tó ń bọ̀ dé láìjẹ́ pé ẹ nílò prednisolone rárá. Ajẹsára digbòlugi rẹ̀, bí àkókò rẹ̀ bá ti súnmọ́, ẹ sọ fún wọn pé ó wà lórí sítẹ́rọ́ìdì, kí wọ́n yan ọjọ́.

Fún ológbò ìyàwó yín, ẹ ka ara páálí oògùn ajá kí ẹ tó ṣí i. Bí permethrin (oògùn apakòkòrò kan) bá wà nínú rẹ̀, ẹ má lò ó nínú ilé yẹn, ó ń pa ológbò, kódà bí ológbò bá kàn fara kan ajá tí wọ́n fi sí lára. Ẹ mú ológbò náà wá, a máa fún un ní tirẹ̀.